Bí Aili Ketola Ṣe Kọ́ Ehoro Rẹ̀ ní Ẹ̀fọ́ Jíjẹ

Ìyá Aili Ketola kú ní àárín òtútù, nígbà tí ilẹ̀ ti le débi pé ọkọ́ kò lè wọ̀ ọ́. Wọ́n gbé òkú náà pamọ́ títí yìnyín fi yọ́ kí wọ́n tó sin ín. Ní Ishpeming níbí, ìlú awakùsà irin tí yìnyín máa ń bò, ìyẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tó ya àdúgbò lẹ́nu ni pé kò pẹ́ tí wọ́n sin ìyá tán tí Aili fi lọ mú ehoro wálé.

Aili kò lọ́kọ, kò sì bímọ. Ibi ìfọṣọ ilé ìwòsàn ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, tó bá sì ti dé láti ibi iṣẹ́, ìyá rẹ̀ ló ń tọ́jú. Obìnrin gíga ni, èjìká rẹ̀ fẹ̀, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí o bá kí i lójú ọ̀nà, á dá ọ lóhùn, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwa tí a jọ ń gbé òpópónà kan náà mọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Nígbà tí ọjọ́ ìyá ń tán lọ, ìyá kọ oúnjẹ. Aili a se ọbẹ̀ ẹja oní-wàrà tí ìyá fẹ́ràn láti ìgbà èwe rẹ̀, á fẹ́ ẹ títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, á gbé ṣíbí sí ìyá lẹ́nu, ìyá á sì yí ojú sí ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà títí ẹ̀mí fi bọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wọ́n sọ fún un pé bí ara ṣe máa ń ṣe nìyẹn tó bá fẹ́ sinmi, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnì kankan. Aili gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ká gbọ́ ọ̀rọ̀, ọ̀tọ̀ ni ká gbà á.

Kò ní ehoro lọ́kàn rárá. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ìyá ló kó lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ẹran tí ẹni tó ni wọ́n kọ̀ sílẹ̀, kí àwọn ajá ibẹ̀ lè rí nǹkan sùn lé. Bó ṣe fẹ́ jáde ló rí ehoro kan nínú àgò ní kọ̀rọ̀, dúdú bí èédú, àfi ọrùn rẹ̀ tó funfun yíká bíi kọ́là àlùfáà. Ehoro náà wò ó, òun náà wo ehoro. Ó sọ ọ́ ní Díákónì, ó sì gbé e lọ sílé.

Wọ́n fún un ní àpò oúnjẹ kan tó rí kókó-kókó, wọ́n ní ohun tó ń jẹ nìyẹn látọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wá. Aili ń bu ìyẹn fún un. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ tí ehoro ń sáré wá síbi àwo, tí imú rẹ̀ ń gbọ̀n, ọwọ́ Aili kò lè dúró. Ó fi bisikíìtì kún un. Ó fi búrẹ́dì aládùn tó máa ń ṣe ní Sátidé kún un. Kò pẹ́ tí Díákónì fi sanra débi pé kò lè yí ọrùn dé ìdí ara rẹ̀ mọ́ láti fi ahọ́n nù ún. Tó bá jókòó, ṣe ló máa ń tẹ́ sílẹ̀ bí ìrọ̀rí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Aili bu oúnjẹ sílẹ̀, Díákónì kò wá. Ó jókòó sẹ́yìn àga, ó kọ ojú sí ògiri. Aili gbé bisikíìtì sí i nímú, ó yí orí kúrò. Aili kò tilẹ̀ pààrọ̀ aṣọ ilé tó wọ̀. Ó fi kóòtù bò ó, ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé ehoro, ó wa ọkọ̀ lọ bá dókítà ẹran.

Dókítà Brisbois kéré sí Aili púpọ̀, ó máa ń ká apá aṣọ sókè bí ẹni tó fẹ́ fọ abọ́. Ó fi ìka tẹ ikùn Díákónì wò.

"Kí ló ń jẹ, Aili?"

"Oúnjẹ inú àpò. Àti bisikíìtì. Àti búrẹ́dì díẹ̀."

"Díẹ̀ báwo?"

Aili wo ilẹ̀. "Díẹ̀ láàárọ̀, díẹ̀ nírọ̀lẹ́."

"Koríko gbígbẹ ńkọ́?"

"Wọn ò sọ fún mi pé ó ń jẹ koríko."

"Ẹ gbọ́," dókítà sọ, "inú ehoro kì í sinmi. Koríko ló ń ti oúnjẹ lọ síwájú nínú rẹ̀. Bí koríko ò bá sí, inú á dúró. Bí inú bá ti dúró, ẹ ò ní ehoro mọ́ nìyẹn. Tí ara rẹ̀ bá yá, koríko ló máa pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Tó bá ti ń jẹ ìyẹn dáadáa, ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀fọ́ tútù. Oríṣi kan ṣoṣo, kó má ju àtàǹpàkò yín lọ. Ẹ wo ìgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Tó bá le wóró-wóró, ẹ lè fi díẹ̀ kún un. Tó bá rọ̀, ẹ dá a dúró."

Ó fún Díákónì lóògùn, ó fún Aili ní ẹ̀kọ kan tí yóò máa fi síríńjì tọ́ sí i lẹ́nu. Ara ehoro yá. Koríko gbígbẹ wọlé. Fún ìgbà díẹ̀ Díákónì ń fajú ro sí koríko bí ọmọ tí wọ́n gbé àgbo síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí kò rí bisikíìtì mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á jẹ. Ó fọn díẹ̀. Ó tún ń sáré.

Ibi tí Aili ti ṣìṣe nìyí. Lọ́jọ́ tó pinnu pé àkókò ẹ̀fọ́ ti tó, ó wọ ilé ìtajà ńlá, ó ra létúùsì, ó ra kábéèjì, ó ra kárọ́ọ̀tì tewétewé, ó ra ápù. Ó gé gbogbo rẹ̀ sínú àwo ọbẹ̀ ìyá rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Díákónì ki ẹnu bọ̀ ọ́, kò gbé e sókè mọ́. Aili bu kọfí, ó jókòó tì í, ó ń wò ó. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun kò sunkún lọ́jọ́ náà, pé ojú òun kàn ń ṣomi ni.

Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ikùn Díákónì ti wú, ó le bíi bọ́ọ̀lù, ìdí rẹ̀ sì ti di ẹrẹ̀. Dókítà Brisbois kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

"Aili, ewé kan ni mo ní kẹ́ ẹ fún un."

"Ó ń jẹ ẹ́ ni, Dókítà."

"Mo mọ̀ pé ó máa jẹ ẹ́. Ehoro ò mọ ìwọ̀n."

"Ó ń jẹ ẹ́," Aili tún wí. "Mo gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó sì jẹ ẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀? Ìyá mi ò jẹun kó tó kú."

Dókítà fọwọ́ bo Díákónì níbi tó gbé dùbúlẹ̀ sórí tábìlì.

"Kì í ṣe ìyá yín nìyí," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Èyí fẹ́ jẹun. Ọwọ́ yín ni ìwọ̀n wà. Ẹ lọ sílé, ẹ lọ sùn. Ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi."

Díákónì wà lọ́dọ̀ dókítà títí inú rẹ̀ fi balẹ̀. Nígbà tí Aili lọ gbé e, dókítà sọ fún un pé kó gbàgbé kábéèjì, kó sì fi ewé kan tó ń hù fúnra rẹ̀ káàkiri bẹ̀rẹ̀, èyí tó jọ yánrin, tí òdòdó rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí inú ẹyin. Kó ṣáà rí i pé wọn kò fín oògùn sí i.

Ìṣòro dé. Kò sí ẹni tí kì í fín oògùn sí koríko iwájú ilé rẹ̀ ní òpópónà wa, nítorí ewé yìí gan-an ni gbogbo wa ń bá jà. Ilé kan ṣoṣo ló ti ń hù bó ṣe wù ú, ìyẹn ilé Waino Lampi.

Waino ti fẹ̀yìn tì níbi ìwakùsà irin. Aya rẹ̀, Elma, ti kú. Iwájú ilé rẹ̀ kò jọ ọ́ lójú, oko ẹ̀yìnkùlé ló fi gbogbo ara rẹ̀ sí: ọ̀dùnkún, ẹ̀wà, bíìtì, létúùsì, gbogbo rẹ̀ nínú ọgbà wáyà. Kò sí ohun tó kórìíra láyé yìí bí ehoro. Gbogbo ìgbà tí ewéko bá ń yọ, àwọn ehoro ìgbẹ́ á gbẹ́lẹ̀ lábẹ́ wáyà, wọ́n á gé ẹ̀wà rẹ̀ tútù yọ̀yọ̀. Ó ní pàkúté alágò kan tó ń dẹ fún wọn. Èyí tó bá kó sí i, ìkòkò ni. Kì í fi bò. Ó máa ń ròyìn bó ṣe sè é nígbà tí a bá ń mu kọfí lẹ́yìn ìsìn. Aili mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó lọ dúró létí ọgbà rẹ̀.

"Waino."

"Ọmọ Ketola. Kí lo ń wá?"

"Ewé tó wà níwájú ilé ẹ yẹn. Olódòdó rúsúrúsú yẹn."

"Èpò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, èpò."

"Ṣé ebi wá ń pa ọ́ tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Èmi kọ́ ni mo fẹ́ jẹ ẹ́. Ehoro mi ni."

Waino gbé ọkọ́ sílẹ̀. "Jẹ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa. O fẹ́ wá já ewé nílé mi, kó o fi lọ bọ́ ọ̀tá mi?"

"Inú igbó ni ọ̀tá ẹ wà. Orí kápẹ́ẹ̀tì ni tèmi ń sùn."

"Ehoro ni ehoro. Èyí tó ń sùn lórí kápẹ́ẹ̀tì yẹn, òun àti ìkòkò ò tíì pàdé ni."

"Fọwọ́ kàn án, Waino, kí n sọ fún gbogbo ìjọ ẹni tó ń bomi la kọfí wọn."

Waino ló ń po kọfí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Já a! Já gbogbo ẹ̀ kúrò níbẹ̀, kí ẹ̀yìn mi sinmi."

Aili bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó já ewé kan. Ó fi sí àpò, ó yíjú padà.

"Ewé kan?" Waino pariwo tẹ̀lé e.

"Ewé kan. Màá padà wá lọ́la."

"Orí ẹ ti dàrú, ọmọ Ketola!"

Aili padà wá lọ́jọ́ kejì, ó já ewé kan. Nígbà tó yá, ó já ewé méjì. Wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ ni ewé ṣe wọ oúnjẹ Díákónì, bẹ́ẹ̀ náà ni Aili ṣe wọ ọgbà Waino. Lákọ̀ọ́kọ́ Waino ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi ń béèrè, ohùn awakùsà rẹ̀ sì dún, ó ń gba orí ọgbà kọjá:

"Ìgbẹ́ àná ńkọ́?"

"Ó le dáadáa!"

"Kò rọ̀?"

"Kò rọ̀ rárá!"

Ìyàwó pásítọ̀ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé sí ọ̀kánkán ilé wọn kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ehoro ni. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé àwọn ará ìlú yìí mà ń bójú tó ìlera ara wọn o.

Lẹ́yìn ewé yẹn, Waino na ìdì létúùsì kékeré kan sí Aili lórí wáyà, ó ní èyí tóun fà yọ kí ìyókù lè ráyè ni, ààtàn lòun ì bá kó o sí. Aili fún Díákónì ní ìwọ̀n àtàǹpàkò, ó wo ìgbẹ́ rẹ̀, ó fi kún un. Pásílì ló tẹ̀lé e. Waino ní ìyẹn náà ló ṣẹ́kù. Láti ìgbà tí Elma ti kú, ẹnì kankan ní òpópónà wa kò rí pásílì nínú oko Waino mọ́. Elma nìkan ló máa ń gbìn ín. Lọ́dún yẹn, a rí ebè kan tó kọ tuntun lápá ibi tí oòrùn ti ń wọlé, ewé lóríṣiríṣi ló sì kún inú rẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í léèrè.

Ooru dé. Aili ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kí atẹ́gùn lè wọlé, ó fi ilẹ̀kùn onínẹ́ẹ̀tì nìkan dí ẹnu ọ̀nà, kò sì há a dáadáa. Nígbà tó fi ti inú ilé ìsàlẹ̀ tó ti ń fọṣọ dé òkè, ilẹ̀kùn ti ṣí gbayawu, Díákónì kò sí níbẹ̀.

Gbogbo wa la bá a wá a. A wo abẹ́ ọkọ̀, a wo abẹ́ igi, a wo etí kòtò. Àṣá ń yí lójú ọ̀run, ajá ń gbó ní ìsàlẹ̀ òpópónà. Aili ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń kan ilẹ̀kùn. Ilé Waino nìkan ni kò yà. Kò sọ ìdí rẹ̀, a kò sì bi í léèrè.

Ilẹ̀ mọ́. Waino jáde lọ wo pàkúté rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì bá ehoro nínú rẹ̀, dúdú bí èédú, ọrùn rẹ̀ funfun. Kò ṣí àgò náà rárá. Ó gbé e bó ṣe wà, ó ń tiro lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tó ń dùn ún, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná Aili.

"Mo rí díákónì ẹ."

Aili di ẹnu ọ̀nà mú. "Ṣé ó ṣì wà láàyè?"

"Ó wà láàyè. Ṣùgbọ́n, Aili..." A kò gbọ́ kí Waino pè é lórúkọ rí. "Ó ti jẹ ewé bíìtì mi kó tó kó sí i. Ebè kan odindi ló jẹ. Ó tún gé kábéèjì jẹ."

Ọkùnrin tó ń fi ehoro ṣe ọbẹ̀ nítorí ẹ̀wà díẹ̀ ló dúró níbẹ̀ yìí, kò sì bínú bíìtì. Ikùn ehoro ló ń bà á lẹ́rù.

Wọ́n pe Dókítà Brisbois lórí fóònù. Ó ní kí wọ́n kó koríko gbígbẹ síwájú rẹ̀, kí wọ́n gbé omi kalẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ ra á níkùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó bá yàgbẹ́, ó bọ́. Bí ọ̀sán bá pọ́n tí kò yà á, kí wọ́n máa gbé e bọ̀ kíákíá.

Wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ ilé ìdáná, àgbà méjì, ẹ̀yìn wọn lára kọ́bọ́ọ̀dù. Díákónì jókòó láàárín wọn, ó kó ara rẹ̀ jọ, kò wo koríko. Aili ń fọwọ́ ra á níkùn. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́ sí síríńjì ẹ̀kọ tó ti pò sílẹ̀.

"Fi í lọ́rùn sílẹ̀ ná," Waino wí.

"Bí kò bá jẹun, ó máa kú."

Waino tẹjú mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù iwájú rẹ̀.

"Elma ń jẹun. Títí dọ́jọ́ tó lọ, gbogbo ohun tí mo bá gbé fún un ló ń jẹ. Á jẹ ẹ́ tán, á fi búrẹ́dì nu àwo, á ní, 'Waino, o gbìyànjú lónìí.' Ó jẹun, Aili. Ó sì kú náà."

Aili mú síríńjì dání, kò lò ó. Ó wo Waino, ó wo ehoro. Ó gbé síríńjì sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Ó ní látọjọ́ tí ìyá òun ti kú, ọjọ́ yẹn ni òun kọ́kọ́ rí i pé kì í ṣe ṣíbí òun nìkan ni ikú gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Oòrùn wọ ojú fèrèsé, ó rìn dé orí tábìlì. Díákónì dìde, ó na ara, ó fò lọ síbi koríko. Ó fa ọ̀kan yọ, ó ń run ún lọ sínú bí ẹni ń fa okùn. Ó tún fa òmíràn. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ sórí ilẹ̀ ilé ìdáná, àwọn àkọ́kọ́ kéré, wọn kò gún régé. Àwọn tó tẹ̀lé e dára. Waino bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka tẹ ọ̀kan wò, ó sì sọ pé kí Aili wá bá òun gbé ara òun dìde, nítorí orúnkún òun ti kọ̀ jálẹ̀. Aili gbé e dìde. Ó po kọfí tó nípọn, wọ́n mu ún pẹ̀lú búrẹ́dì aládùn, wọn kò fún Díákónì nínú rẹ̀.

Àwọn kan ládùúgbò fẹ́ kí wọ́n fẹ́ ara wọn. Wọn kò fẹ́ra. Ní Sátidé, Waino á dáná nínú ilé ooru, ibi tí a ti ń jókòó làágùn ká tó wẹ̀, tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, á wẹ̀ tán, lẹ́yìn rẹ̀ ni Aili á wá wẹ̀, oníkálukú á sì lọ sílé rẹ̀. Waino ṣì ń dẹ pàkúté fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ehoro ìgbẹ́ tó bá mú, ó ń wa ọkọ̀ gbé e kọjá kòtò ìwakùsà àtijọ́, á sì tú u sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní eyín òun ni kò gba ẹran náà mọ́.

Díákónì ti darúgbó báyìí, ojú rẹ̀ kan ti ṣú. Ó ń jẹ létúùsì, pásílì, ewé kárọ́ọ̀tì, àti ewé bíìtì níwọ̀nba. Kábéèjì kò bá a lára mu títí dòní. Ìbàdí Waino dá a jókòó lọ́dún tó kọjá, Aili ló ń ro oko fún un. Waino á jókòó sórí àga nínú òjìji, á máa fi ọ̀pá tọ́ka.

"Ebè ẹ wọ́, ọmọ Ketola."

"Dìde wá tọ́ ọ."

"Tí mo bá lè dìde, ṣé wàá wà níbẹ̀ ni?"

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òtútù tó ń pa ewéko kọ́kọ́ mú. Wọ́n hú ọ̀dùnkún, Aili sì fi aṣọ ìbusùn bo ebè pásílì kí yìnyín má bàa pa á mọ́jú.